Wáyà Tí Mo Fi Tépù Bò

Gbogbo àdúgbò ló ń gbàdúrà kí Màmá lè sọ̀rọ̀ padà, ẹnu tèmi nìkan ni àmín kì í ti í jáde. Ẹ má tíì bú mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná. Mo fẹ́ràn ìyá náà. Bí wọ́n bá ní kí n pọ̀n ọ́n láti Bàrígà dé Onípanu, màá pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣe eré ìdárayá ti sọ pé ahọ́n rẹ̀ ti ń rọ̀, pé ọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ máa padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí fóònù mi bá dún, àyà mi á já. Bí mo bá rí ẹni tó jọ Bàbá, ọkọ rẹ̀, lókèèrè, màá sáré wọ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sùn sábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà kan fún bíi wákàtí kan, ẹni tó ni ọkọ̀ ń wò mí tìyanu-tìyanu, torí iná iwájú nìkan ló ní kí n bá òun tún ṣe. Kí ni mo ṣe tí mo fi ń sá fún arúgbó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti kú? Òun gan-an ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín.

Ríwáyà ni mí, iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Bàbá mi tó bí mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Nígbà tó kú, mo jogún àgọ́ páànù tó ti ń ṣiṣẹ́ létí títì ní Bàrígà, mo jogún àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo sì jogún àwọn ọkùnrin mẹ́fà, ríwáyà bíi tèmi, tí wọ́n jọ ń lo ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń retí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa sú mi. Ó ti di ọdún méjìdínlógún báyìí, kò tíì sú mi. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Ọkùnrin tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, méjì ni yóò gbé lọ sílé. Àmọ́ gbólóhùn kan wà tí ẹnu mímú yẹn kò lè sọ rí: “Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.” Ó dá mi lójú pé ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Torí náà, gbogbo iṣẹ́ ni mo mọ̀.

Àṣà kan wà láàárín àwa ríwáyà tí à ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì. Bí nǹkan kan nínú ọkọ̀ kò bá ṣiṣẹ́, tí a ò sì ráyè wá ìdí rẹ̀, a ó fa wáyà láti orí bátìrì lọ bá a tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ fíúsì kọjá. Fíúsì yìí, òun ni nǹkan tín-ín-rín tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti pọ̀ jù, kí wáyà má baà gbiná. Ẹ bi ríwáyà mẹ́wàá ní àdúgbò wa, mẹ́sàn-án á sọ fún yín pé fíúsì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, pé ẹ yọ ọ́ sọ nù kí ara yín balẹ̀. Bí a bá sì ṣe tán, a ó fi tépù dúdú wé gbogbo rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Tépù wíwé gan-an ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Oníbàárà á ṣí ọkọ̀ rẹ̀ wò, á ní obìnrin mà mọ iṣẹ́ tónítóní o. Ta ni yóò tú tépù wò?

Bàbá Atẹ̀wé ni gbogbo Abúlé Òkúta ń pe oníbàárà tí mò ń sọ yìí, torí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ṣe ní Ṣómólú títí ó fi darúgbó. Títí dòní, dúdú íńkì kò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni Màmá, ìyàwó rẹ̀. Ẹja yíyan ló fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, létí ọ̀sà ní Bàrígà níbẹ̀ yẹn, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kú, kò mọ̀ bí nǹkan kan bá kàn án níbẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kankan, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún un. Àwọn ọmọ ti tú ká, ọ̀nà wọn jìn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń wà á lọ sí ọsibítù fún eré ìdárayá lọ́jọ́ Túsìdeè àti Fúráídeè, nínú ọkọ̀ Ìjàpá tó rà lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn. Ẹ mọ Ìjàpá, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rọ̀gọ̀dọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ẹni tó bá wà lẹ́yìn kò lè jáde àfi tí wọ́n bá ká ìjókòó iwájú. Bátìrì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni Màmá máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ló ti lè na ẹsẹ̀ tó kú.

Ohun tó ṣe Ìjàpá náà kò le. Dáínámò rẹ̀ ló ti kú, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí iná lè máa wọ bátìrì. Iná iwájú rẹ̀ ti ń ṣe bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ni ọkọ̀ ti kú mọ́ Bàbá lọ́wọ́ ní Palmgrove, tí wọ́n ní láti tì í, pẹ̀lú Màmá nínú rẹ̀. Dáínámò ayé ìgbà yẹn kò sí lọ́jà mọ́. Méjì nínú àwọn ọkùnrin mẹ́fà ti wò ó, wọ́n ní kí Bàbá lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ó dùn ún débi pé omi lé sí i lójú. Mo bá jáde láti inú àgọ́ mi, mo kọ́wọ́ sí ìbàdí, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: “Bàbá, ẹ gbé e wá. Ọ́tánétọ̀ la máa gbé sí i.” Ọ́tánétọ̀ ló gba ipò dáínámò nínú ọkọ̀ òde òní, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n iná tó ń ti ara ọ́tánétọ̀ jáde pọ̀ ju ti dáínámò lọ fíìfíì. Ṣé mo ti gbé ọ́tánétọ̀ sí Ìjàpá rí? Rárá o. Mi ò tíì fọwọ́ kan Ìjàpá rí láyé mi.

Mo lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀. Ọ́tánétọ̀ jíìpù kan ló wọ̀ mí lójú, ó tóbi, ó ń dán, mo ní èyí ni yóò jẹ́ kí ẹnu ya àwọn ọkùnrin yẹn. Ọ̀gá tó ń tajà mi orí. Ó ní, “Mádáàmù, èyí ò lè wọlé o. Ti Ìjàpá yàtọ̀. Bẹ́líìtì á máa yí i níwájú, òun náà á tún máa yí fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Apá méjèèjì ni irin rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ yọ.” Mo ní ṣé òun ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Mo gbé ti jíìpù lọ. Kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo fa ìborí bọ iwájú orí, ojú ń tì mí. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ti Ìjàpá méjì jáde, ọ̀kan tí régúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àti èkejì tí ó wà nínú rẹ̀. Mo mú èkejì, àṣàyàn yẹn sì dára, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ ló pè mí padà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, wáyà àtijọ́ tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ò lè gbé iná eléyìí. Ẹ fa èyí tó nípọn, kẹ́ ẹ sì fi fíúsì sí i.” Mo dáhùn pé mo mọ̀. Lóòótọ́, mo mọ̀. Ẹ ò rí i pé mi ò lè sọ pé n kò gbọ́?

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni mo dì í mọ́ ọkọ̀. Bàbá ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ náà, torí ọjọ́ kejì ni Màmá ń lọ sí ọsibítù. Mo ti ra wáyà tó nípọn, ẹ má rò pé mi ò rà á. Mo fà á láti ara ọ́tánétọ̀, ó dùn-ún wò. Ìgbà tí mo dé ibi tí wáyà ti ń gba inú páànù wọ abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ihò ibẹ̀ kò gbà á. Wáyà àtijọ́ tín-ín-rín ni wọ́n ṣe ihò náà fún. Mo ní láti yọ ìjókòó, kí n ká kápẹ́ẹ̀tì, kí n fi fáìlì fẹ ihò náà, kí n sì wá rọ́bà tó máa bo etí rẹ̀. Iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ ni. Bàbá ti dé nígbà yẹn, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ fún àwọn ọkùnrin mẹ́fà pé kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo gé wáyà tuntun náà létí ihò, mo so ó mọ́ ti àtijọ́. Ìwọ̀n gígùn apá ènìyàn kan péré ni ti àtijọ́ tó kù lábẹ́ ìjókòó, láti ihò dé orí bátìrì. Mi ò fi fíúsì sí i, dáírẹ́ẹ̀tì ni. Mo wá mú tépù, mo wé tín-ín-rín yẹn ní ìlọ́po mẹ́ta, títí ó fi nípọn tó ti tuntun lójú. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di Mọ́ńdè, màá pe ọkọ̀ náà padà, màá ṣe é dáadáa.

Iná pupa kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó máa ń tàn bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ti ń wọ bátìrì, yóò kú. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó tàn. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, iná pupa náà sì kú. Bàbá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó wo àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà lójú, ó ní, “Ṣé ẹ rí obìnrin yìí? Ohun tẹ́yin ọkùnrin ò lè ṣe!” Ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé wáyà ọ̀hún ti di tuntun látòkè délẹ̀? Màmá ló ń jókòó síbẹ̀ yẹn o.” Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run fún mi láyè? Ìbéèrè yẹn gan-an ló bi mí. Mo ní, “Tuntun ni gbogbo ẹ̀, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Mọ́ńdè dé, mi ò pè é. Ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé e dé, mi ò pè é. Kí ni mo máa ní mo fẹ́ tún ṣe lára ohun tí mo ní ó ti pé? Bàbá ń gbé orúkọ mi kiri. Ó kó oníbàárà mẹ́rin wá bá mi, ó sì ní kí ọmọ tó gba ilé ìtẹ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ ìwé ìpolówó kan fún mi ní ọ̀fẹ́, ìdì méjì, tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé “Àǹtí Ríwáyà, ọwọ́ tó dájú.” Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Bí mo bá gbọ́ tí ọkọ̀ panápaná ń ké lọ ní òpópónà, màá dúró títí n ó fi mọ̀ pé apá ibòmíràn ló kọrí sí.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, Bàbá ní kí n wá bá òun nílé, ní Abúlé Òkúta. Ó ní Màmá ti ń ṣe ohun kan nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ìjókòó, á gbá a pì pì pì, kò ní dákẹ́ títí wọ́n á fi dúró. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ni, tàbí ooru ń mú un. Kí n ṣáà bá òun gbé fáànù kékeré kan sẹ́yìn fún un. Wọ́n ti gbé Màmá sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọsibítù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Mo ká ìjókòó sókè. Mo na ọwọ́ sí wáyà náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó gbóná débi pé tépù náà ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo fa ọwọ́ yọ wéré, mo gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú Màmá ni mo bá pàdé. Ó ń wo ọwọ́ mi. Obìnrin tó fi ogójì ọdún yí ẹja lórí iná ni o, kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tó ń jẹ́ gbígbóná fún un. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi gbá itan ara rẹ̀, pì pì pì.

Àwọn aládùúgbò ti yí wa ká nígbà yẹn. Bàbá ń sọ fún wọn pé gbogbo wáyà inú ọkọ̀ náà tuntun ni. Mo ní ọ̀bẹ lọ́wọ́, mo lè já tépù yẹn níwájú wọn kí n ní mo ṣe àṣìṣe. Kí ni ì bá ná mi? Ojútì ọjọ́ kan. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo tún mú tépù mìíràn, mo wé e lé ti àkọ́kọ́, mo sì so wáyà fáànù náà mọ́ orí bátìrì kan náà. Mo fi ẹrù kún ẹrù. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, mi ò lè wo apá ibi tí ìyá náà jókòó sí.

Ọjọ́ Fúráídeè kan nínú oṣù òjò ni ó ṣẹlẹ̀. Ìyàlẹ̀ta ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú débi pé gbogbo ọkọ̀ tan iná. Mo dúró lábẹ́ páànù mi, mò ń wo òjò, ni mo rí Ìjàpá náà tó ń kọjá. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì tàn, wáípà ń ṣiṣẹ́, fáànù tí mo gbé sí i ń yí lẹ́yìn gíláàsì, mo sì rí gèlè Màmá. Mo ka gbogbo ohun tó ń fa iná nínú ọkọ̀ náà lọ́kàn, mo ro ìwọ̀n apá kan wáyà yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo sáré nínú òjò láìwọ bàtà, mò ń pariwo “Bàbá! Bàbá!” Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn ló dúró tó jẹ́ kí n lé wọn bá. Èéfín ti kún ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá ló wà lára gíláàsì, ó ń gbá a. Bàbá ti pa ọkọ̀, ó ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì ń bi mí pé òun ṣáà ti pa á, kí ló dé tí èéfín ò dáwọ́ dúró? Èmi mọ ìdí rẹ̀. Rọ́bà wáyà náà ti yọ́, ó ti kan páànù, láti orí bátìrì sì ni iná ti ń wọ̀ ọ́ tààrà, láìsí fíúsì tó máa já. Kọ́kọ́rọ́ kò lè pa ohun tí mo ṣe ní dáírẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọlọ́kọ̀ Márúwá méjì ló bá wa ká ìjókòó iwájú, tí wọ́n gbé Màmá jáde sínú òjò. Mo wọlé, mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, mo fa wáyà náà tu kúrò lórí bátìrì pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Àpá rẹ̀ ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí. Nígbà tí mo jáde, Bàbá dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní Ọlọ́run ló rán mi. Ó wá béèrè pé kí ló fà á. Ẹnu mi tó mú yìí, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ tó ní, “Sípíríńgì ìjókòó ló kan orí bátìrì, Bàbá. Ẹni tó rán ìjókòó ò fi rọ́bà bò ó.”

Wòlíù ló rán ìjókòó náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Onípanu, ìjókòó ọkọ̀ ló ń rán, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ Màmá, wọ́n rí i pé itan òsì ti jóná, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyá náà kò mọ̀, torí apá tó kú ni. Nígbà tí Wòlíù gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi ẹ̀rọ̀fọ̀ níwájú ilé Bàbá. Mo wà níbẹ̀. Mo rò pé yóò jiyàn, mo ti múra láti jiyàn padà. Kò jiyàn. Ó ń sunkún, ó ní, “Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé mo fi rọ́bà bò ó. Bóyá mo gbàgbé ni. Mo ti ń ronú láti àná, mi ò rántí mọ́.” Ó tún kọjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Ẹ gbọ́, ó ní kí n bá òun bẹ̀bẹ̀! Rọ́bà náà wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì lọ́jọ́ èéfín yẹn, mo sì lọ jù ú sínú àpótí mi. Mo bá a bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́, mo kúnlẹ̀, wọ́n sì ní onínúure ni mí. Láti ọjọ́ náà, Wòlíù kò gba iṣẹ́ ọkọ̀ mọ́, ó ní ọwọ́ òun kò dá òun lójú.

Wàyí o, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Bàbá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní èmi ni màá dúró síwájú, kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe gbé mi dìde láti gba ẹ̀mí là. Wòlíù náà ní òun á wá. Mùsùlùmí ni, kò sẹ́ni tó pè é, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ tọrọ ìdáríjì níwájú gbogbo ènìyàn kí ọkàn òun lè balẹ̀. Mi ò lè jẹun mọ́. Lánàá, mo lọ kí Màmá, torí bí n kò bá lọ, wọ́n á béèrè. Bàbá lọ bu omi wá fún mi nínú ilé ìdáná. Ó ku èmi àti Màmá. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ó fa ọwọ́ mi tó jóná sọ́dọ̀, ó yí i, ó wo àpá náà dáadáa bí ẹni ń wo ẹja bóyá ó ti jinná. Ó ṣí ẹnu. Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde, ó ń wá a nínú ọ̀fun. Ó ní, “Sọ.” Ó tún gbìyànjú, itọ́ ń já bọ́ létí ẹnu rẹ̀. Ó ní, “Sọ. Fún. Un.” Bàbá wọlé pẹ̀lú omi, ó bi mí pé ṣé ara Màmá le. Mo ní ó le, Bàbá. Màmá yíjú sí ògiri, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́ títí mo fi dìde.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó rí kó jọ láti inú àìsàn ọdún méjì, èmi ló fi wọ́n ta lọ́rẹ. Ó lè dúró kí ahọ́n rẹ̀ rọ̀ tán, kí ó fẹjọ́ mi sùn fúnra rẹ̀, àmọ́ ó fún mi láyè láti ṣáájú rẹ̀. Mi ò bi yín bóyá kí n sọ tàbí kí n má sọ, ẹ má ṣe ní kí n dákẹ́, Màmá ti dáhùn ìyẹn. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, gbólóhùn wo ni ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ṣé Bàbá ni kí n kọ́kọ́ wo lójú ni, àbí Wòlíù? Àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn á gbọ́, mo mọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe wé ohun tí ẹ mọ̀ pé kò dára mọ́lẹ̀ nítorí kí wọ́n lè yìn yín. Wáyà náà wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀n apá kan, mo ti tú gbogbo tépù ara rẹ̀ kúrò, rọ́bà bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ gbàdúrà kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé Abúlé Òkúta kí ọjọ́ Àìkú tó pé, kí Màmá sì sọ̀rọ̀ já gaara. Àmín.